Oorun Abẹ́ Awò Dúdú

Ìyá Adùnọlá kò bínú sí Ọláníyì nítorí pé kò lówó, kò sì bínú sí i nítorí pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Oorun ló dá ìjà sílẹ̀. Ní Sọ́ńdè kan tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pe Adùnọlá ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó ní òun rí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń tòògbé láti orin àkọ́kọ́ títí dé orí ìdáwó, àti pé bí òun bá tún rí i kó sùn nínú ilé Ọlọ́run, kí àwọn méjèèjì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

“Mo ti fẹ́ olóorun kan rí,” ni ìyá wí. “Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ tó. Mi ò ní fa ọmọ mi lé òmíràn lọ́wọ́.”

Ẹ má bá obìnrin náà wí o. Bàbá Adùnọlá, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, sùn ju bó ṣe yẹ kí ẹ̀dá sùn lọ. Níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀ gan-an, nígbà tí pásítọ̀ bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí, wọ́n ní láti fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dáhùn. Nígbà tí wọ́n wà ní Iléṣà, tó ń jókòó ti ìsọ̀ aṣọ, olè wọlé lọ́sàn-án gangan, ó kó aṣọ, ó kó àga, ó sì rọra ṣí fìlà lórí ọkùnrin náà, kò mira. Ìyá Adùnọlá ló ru aṣọ kiri ìlú títí tó fi rọ́nà kó ọmọ rẹ̀ wá sí Súrùlérè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun kórìíra oorun, ta ni yóò ní kó má kórìíra rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo Ọláníyì náà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olóorun. Náìtì ló ń ṣe. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìlúpéjú ló gbà á sídìí ẹ̀rọ. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń wọlé, ilẹ̀ Sọ́ńdè á ti mọ́ kó tó jáde, pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú etí. Láti ibẹ̀ á yà sílé ní Muṣin, á da omi sára, á wọ kóòtù, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jẹ́ fi ẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì, torí pé bó bá fi kàn án pẹ́nrẹ́n, ìrọ̀lẹ́ ni yóò jí.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà. Òmùgọ̀ ni, ìdí nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé, ìyá ní inú òun dùn pé ilé iṣẹ́ gidi ló wà, kì í ṣe iṣẹ́ òru, nítorí pé lójú tòun, ọdẹ àti olè nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọmọlúwàbí ń sùn. Ọláníyì ti la ẹnu tán láti sọ òtítọ́. Ó pa á dé. Ó ní àárọ̀ lòun máa ń wọlé, mà. Adùnọlá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, ojú tó fi wò ó kò dára. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní kó padà wọlé lọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ọláníyì ní kó jẹ́ kí àwọn ṣe ìgbéyàwó ná. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn, gbogbo nǹkan ni wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ ná.

Ó sì fẹ́ràn ọmọ náà o, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Adùnọlá ń ránṣọ ní Yábàá, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ méjèèjì ló máa ń bá a rín in. Bí Ọláníyì bá ń da ṣúgà sínú ẹ̀rọ lóru, òun ló máa ń rò. Ẹ̀rù pé òun lè pàdánù rẹ̀ máa ń bà á gan-an. Kò sí nǹkan tí kò lè ṣe kí ìyá náà má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó sọ òtítọ́.

Ohun tó wá burú ni pé inú ẹgbẹ́ akọrin ni ìyá yìí wà. Orí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù, ni àwọn akọrin ń jókòó sí, wọ́n á kọjú sí ìjọ, kò sì sí ẹni tí wọn kì í rí. Ojú ìyá Adùnọlá sì mú. Ó lè wà lórí pèpéle kó rí ẹni tó ń fi bọ́tìnnì ṣe ọrẹ lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Ọláníyì lọ jókòó sẹ́yìn òpó. Kọnkéré ni òpó ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó sì fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kankan ò lè gbà á kọjá, ojú ìyá náà ò sì lè gbà á kọjá. Oorun tó sùn lọ́jọ́ náà dùn gan-an ni. Àṣé ó ti gbòdì. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá bi Adùnọlá pé ìgbà wo ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ di kèfèrí tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Adùnọlá ní ó wá. Ìyá ní òun kò rí i, ẹni tí òun kò bá sì ti rí, kò wá nìyẹn.

Ó wá yé Ọláníyì. Kì í ṣe ohun tí yóò bo òun mọ́lẹ̀ ló yẹ kí òun máa wá. Kí wọ́n rí òun ni, kí wọ́n má rí ojú òun. Nígbà tí Sọ́ńdè tún kò, ó gba ìwé ètò ìsìn tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó sítòsí fèrèsé, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí kóòtù rẹ̀, ó gbé ìwé náà sókè bí ẹni tó ń kà á, ó sì sùn lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn ò kúkú lè rí nǹkan nínú bébà. Òun fúnra rẹ̀ ti dán an wò kó tó sùn, kò rí pásítọ̀ níbẹ̀ rárá. Ohun tí kò rò ni oòrùn àárọ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Oòrùn mú òjìji orí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin sì ń wò ó láti òdìkejì bí àwọn ará Muṣin ṣe ń wo sinimá ara ògiri. Orí ń lọ, orí ń bọ̀. Ẹnu là, ẹnu pa dé. Orí já wálẹ̀, ó tún sáré gbérí. Obìnrin kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ohùn fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín orin.

Ìyá Adùnọlá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ọláníyì pé òjìji kì í ṣe ojú, òun kò sì ní dá a lẹ́jọ́ nítorí òjìji, àmọ́ ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Bí òun bá fi ojú ara òun rí ojú rẹ̀ tó dì, ọ̀rọ̀ parí. Adùnọlá ló jíṣẹ́ náà, omi sì lé sójú rẹ̀ nígbà tó ń jẹ́ ẹ. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ òtítọ́. Ọláníyì ní kó fún òun ní àyè díẹ̀ sí i.

Gbádé ni Ọláníyì ń bá gbé yàrá kan náà. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní Yábàá, ó sì gbà pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀ láyé yìí. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yí lulẹ̀ lórí ẹní, lẹ́yìn náà ló wá ní kí àwọn jọ wádìí rẹ̀. Àkàrà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbádé mú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dì í, ó nà án sí oòrùn lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí òróró kò dé ṣókùnkùn. Ibi tí òróró ti mu ún mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń rí ewúrẹ́ ìyá onílé bàìbàì níbẹ̀, tó ń jẹ aṣọ ẹnìkan lórí okùn. Gbádé ní ṣé Ọláníyì rí i pé bébà kan náà ni, òróró lásán ló yí i lórí padà. Inú wọn dùn débi pé wọn ò rántí lé ewúrẹ́.

Ó di pé wọ́n ń na gbogbo ẹrù inú yàrá sí oòrùn. Wọ́n na ọ̀rá, wọ́n na ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n na ìdí ife. Gbádé tilẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ orí sí oòrùn kí Ọláníyì wo etí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, etí náà sì pọ́n fòò bí ẹ̀yinná, torí pé ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá. Ọláníyì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú etí èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wúlò nínú wọn. Èyí tó bá jẹ́ kí ó ríta ń jẹ́ kí ìta náà rí i, èyí tí kò bá sì jẹ́ kí ìta rí i ń sọ òun náà di ẹni tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìgbà yẹn ni Gbádé pariwo pé awò dúdú ni. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa àpótí jáde, ó yọ awò ńlá kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ mú ti òkè òkun dé. Ọláníyì wò ó, ó ní èyí ò dúdú, ó kàn rí bí tíì tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ni. Gbádé ní yàrá àwọn ló ṣókùnkùn, èèyàn ò lè mọ àwọ̀ nǹkan níbẹ̀. Wọ́n bá gbé e jáde sínú oòrùn. Ọláníyì wọ̀ ọ́, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ewúrẹ́, kí Gbádé tó gbójú sókè, gíláàsì ti dúdú kirikiri. Ó ní kí Ọláníyì pa ojú dé, kó la ojú, kó yọ ahọ́n. Ó rí ahọ́n, kò rí ojú. Àwọn àgbàlagbà méjì bọ ara wọn lọ́wọ́ pé àwọn ṣe é lóòótọ́, yàrá ló ń tan àwọn jẹ.

Àwáwí ti wà nílẹ̀. Àpólò ń jà nígboro lásìkò náà, àrùn ojú tó ń mú kí ojú pọ́n, kó máa sepin, kó máa ta èèyàn. Gbogbo Èkó ló sì gbà pé ẹni tó bá wo alápólò lójú, kíá ló máa kó o. Awò dúdú ti tán lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó jẹ́ ní kó ṣí i. Ọláníyì ní kí Adùnọlá sọ fún ìyá rẹ̀ pé àpólò mú òun. Ọmọ náà ní òun kò ní sọ irọ́, kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó lọ, ó sì sọ ọ́. Gbádé bá a fi sítáàṣì tó ki sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ó fi le gbagidi, kó lè máa gbé àgbọ̀n dúró bí oorun bá dé.

Ọlọ́run kì í kúkú tètè mú èèyàn. Sọ́ńdè tí Ọláníyì kọ́kọ́ gbé awò náà jáde, wọ́n ti ká páànù ṣọ́ọ̀ṣì kúrò láti fi tuntun sí i, ìta gbangba ni wọ́n ti ṣe ìsìn, oòrùn ń ràn wàà. Gíláàsì dúdú bí èédú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọláníyì jókòó ṣánṣán, kọ́là gbé àgbọ̀n rẹ̀ dúró, ó kọjú sí pásítọ̀, ó sì sùn fọnfọn. Aláǹgbá kan já bọ́ láti orí igi sórí bàtà rẹ̀, kò mira. Àwọn tó wà nítòsí mi orí, wọ́n ní irú èèyàn báyìí ni wọ́n ń pè ní olùfọkànsìn.

Ìyá Adùnọlá gan-an ló kọ́kọ́ wá kí i. Ó ní àrùn wà lára rẹ̀, síbẹ̀ kò jókòó sílé, kò sì gbójú kúrò lára pásítọ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ti ṣì í mú. Ó bu ìrẹsì àti ẹran fún un lọ sílé, ẹran tó sì bù sí i kì í ṣe kékeré. Pásítọ̀ náà dé, ó ní kí Ọláníyì wá jókòó lórí pèpéle ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kó wá ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ. Ìyá Adùnọlá ní bó bá ti kà á tán láìsí wàhálà, òun á ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọláníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó jẹ ìrẹsì náà dé ilé, kò bu fún Gbádé.

Nígbà tí Sọ́ńdè náà fi máa pé, páànù tuntun ti wà lókè, wọ́n ti wọlé padà. Lóru Sátidé, ẹ̀rọ kan bàjẹ́ ní ilé iṣẹ́, àwọn Ọláníyì fọwọ́ ro ìyẹ̀fun títí di àfẹ̀mọ́jú. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì tó dà bíi pé wọ́n gún ara rẹ̀ nínú odó. Ó dúró nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà kí ìyá Adùnọlá lè rí i dáadáa. Ìyá rí awò tó dúdú, ó mi orí sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọláníyì gun orí pèpéle, ó jókòó lórí àga tí wọ́n fi sí òdìkejì ẹgbẹ́ akọrin, ó kọjú sí gbogbo ìjọ.

Ó kíyè sí i pé bí òun ṣe ń jókòó síbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ń mọ́lẹ̀ sí i. Ó ń rí fìlà, ó ń rí gèlè, ó wá ń rí ojú àwọn èèyàn kedere. Ó rò ó, ó ní páànù tuntun ló fà á. Wọ́n kọ orin, wọ́n gbàdúrà, pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, torí pé ẹ̀yìn ìwàásù ni wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ọláníyì gbé àgbọ̀n lé kọ́là, ó ní kí òun kàn sinmi ojú díẹ̀ kí wọ́n tó pe òun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Adùnọlá ló padà sọ fún un, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni gíláàsì náà ń là bí omi odò tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ń silẹ̀, títí tí ojú Ọláníyì méjèèjì fi hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan níwájú ló kọ́kọ́ rí i. Kò tilẹ̀ dúró wò ó bóyá ojú náà là ni tàbí ó dì. Ojú alápólò ló rí. Ó fi abẹ̀bẹ̀ bo ojú ara rẹ̀ wàrà. Ẹni tó tẹ̀lé e fi gèlè bojú. Ọkùnrin kan fi fìlà bojú, òmíràn wọ abẹ́ àga. Bó ṣe ń lọ láti ìlà dé ìlà nìyẹn, kò pẹ́ tí gbogbo ìjọ fi bojú pátá.

Ẹ wá wo pásítọ̀. Ó ń wàásù lórí ìtìjú ẹ̀ṣẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo ọmọ ìjọ òun ti fi nǹkan bojú. Ìwàásù rẹ̀ kò wọ èèyàn lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Orí rẹ̀ wú, ó gbóhùn sókè, ó ní kí ojú tì wọ́n sí i. Ẹgbẹ́ akọrin náà ti gbé ìwé orin bojú. Ìyá Adùnọlá nìkan ni kò bo nǹkan kan. Àpólò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òun sílẹ̀ ni, ó sì dá a lójú pé kì í mú èèyàn tún mú un. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó tẹjú mọ́ òdìkejì pèpéle, ó ń gba inú gíláàsì tó mọ́ bí omi amù wo ìpéǹpéjú méjì tó pàdé.

Pásítọ̀ wá pe arákùnrin Ọláníyì kó wá ka ẹ̀kọ́. Kò dìde. Ó tún un pè. Ìyá Adùnọlá fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó la pèpéle kọjá, ó fi ìwé orin gbá Ọláníyì lórúnkún.

Ọláníyì fò dìde. Ilé iṣẹ́ ló rò pé òun wà. Ó fi gbogbo ohùn pariwo pé, “Ẹ pa ẹ̀rọ!”

“Àmín,” ni ìjọ dáhùn láti abẹ́ gèlè.

Ìyá dì í mú lápá kóòtù, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ fà á jáde sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi í pé ìgbà wo ló ti ń sùn. Ọláníyì ní òun kò sùn rárá, mà, òun ń gbàdúrà ni. Ìyá ní òun rí ojú rẹ̀ tó dì. Ọláníyì ní kò lè ṣeé ṣe, torí pé awò dúdú ni. Nígbà tó sọ ọ́ tán ló mọ ohun tí òun sọ.

Ìyá ti ń fa èémí láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ló bá rí gíláàsì náà. Ó súnmọ́ ọn, ó ń wo ojú rẹ̀. Ó ní nínú ilé, òun ń rí ojú rẹ̀ kedere, báwo ni gíláàsì yìí ṣe wá ń dúdú báyìí? Ó fà á sábẹ́ páànù, wọ́n dúró. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó fà á padà sínú oòrùn, ó tún ń dúdú. Ó ṣí i lójú rẹ̀, ó nà án sí oòrùn, ó mú un wọ òjìji, Ọláníyì ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀, àwọn méjèèjì tẹ orí ba bí ọmọdé tó rí kòkòrò. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, wọ́n gbàgbé pé ìjà ló gbé àwọn dé ibẹ̀. Ọláníyì wá rántí orí pèpéle. Ó bi ìyá pé ṣé gbogbo ìjọ ló rí òun. Ìyá ní bí wọn kì í bá ṣe ojo, wọn ì bá rí i.

Ó rántí ìbínú rẹ̀, ó na ara ró.

“Níbo lo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí?”

Ọláníyì wo ilẹ̀. Kò sí òpó kankan nítòsí, kò sí bébà.

“Ibi iṣẹ́, mà. Náìtì ni mò ń ṣe. Mi ò tíì sùn láti àná. Bí mo bá yà sílé sùn, mi ò ní lè wá, bí mi ò bá sì wá, ẹ máa gba Adùnọlá lọ́wọ́ mi. Kò sí àpólò kankan lójú mi. Irọ́ ni mo pa.”

Ìyá dá awò rẹ̀ padà fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa irọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń pa á, ó sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì òun àti ẹran òun. Ojú ti Ọláníyì, oòrùn sì ń ta á lójú, ló bá wọ awò náà padà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi gbogbo ọkàn pinnu pé òun á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà dé òpin, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdájọ́ wà. Ó gbọ́ ibi tí ìyá ti dé Iléṣà àti olè tó ṣí fìlà.

Oòrùn ló jí i. Ó là á lójú gbàà, ó ṣẹ́jú, ó rí i pé ìyá Adùnọlá ti gbé awò kúrò lójú òun, ó dì í mú lókè bí ẹni tó ṣí ìdérí ìkòkò. Ìsìn ti parí, àwọn èèyàn ń jáde, Adùnọlá sì dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ara ìyá ń gbọ̀n. Ọláníyì rò pé ìbínú ni, ó ti ń wá bí òun ṣe máa dọ̀bálẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé e pé ẹ̀rín ni, pé èjìká méjèèjì ló ń bá obìnrin náà rín in.

Ìyá nu ojú. Ó ní, “Mo bi í bóyá ó tún máa parọ́ fún wa láyé, kò dáhùn. Mo ní ọmọ yìí lóríkunkun. Àṣé ó ti lọ.” Ó wo Ọláníyì láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó ṣì wà nínú etí rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀. “Adùnọlá, bàbá rẹ kò fi oorun ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ nítorí mi rí. Wá mú ọkọ rẹ lọ sílé kó lọ sùn, kó tó ṣubú lulẹ̀ níbí.”

Ọkọ ló pè é. Ọláníyì gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n mú un dé Muṣin, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbangba, kò lè sùn.